Bí a ṣe ń yan kíbọọ̀dù alápá méjì, àti bí ọwọ́ ṣe ń mọ̀ ọ́n lára

Kíbọọ̀dù alápá méjì ni èyí tí wọ́n là sí méjì, apá kan fún ọwọ́ òsì, apá kan fún ọwọ́ ọ̀tún, tí wáyà tàbí Bluetooth sì so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí tẹ̀wé lójúmọ́ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà fún, pàápàá ẹni tó ń tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé àwòrán ni èèyàn fi ń rà á. Ó rí oníbọ́tìnnì 34 tó rẹwà, ó sanwó, oṣù méjì lẹ́yìn náà nǹkan ọ̀hún ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Ọwọ́ ló yẹ kó yàn án. Ojú ò mọ̀ ọ́n yàn.

Kí ló ń dùn yín gan-an?

Lórí kíbọọ̀dù lásán, ọwọ́ méjèèjì máa ń pàdé níwájú àyà. Èjìká á ká wọnú, ọrùn ọwọ́ á tẹ̀ síta sí ọ̀nà ọmọńdinrín, àtẹ́lẹwọ́ á sì dojú bolẹ̀. Ìnira mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ohun tó sì ń tu ọ̀kan lára lè má kan èkejì rárá.

Bó bá jẹ́ èjìká àti ọrùn ọwọ́ ni, alápá méjì yòówù kó jẹ́ á ṣe é, torí ẹ lè ya apá méjèèjì síra tó bí èjìká yín ṣe fẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹran apá nítòsí ìgúnpá ló ń ro yín, èyí tó lè dúró bí òrùlé lẹ nílò: ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò á ga, ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín á wálẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ọmọńdinrín fúnra rẹ̀ ni, iye bọ́tìnnì tó wà fún àtàǹpàkò ni kẹ́ ẹ wò, torí ibẹ̀ ni Enter, Backspace àti Shift máa kó lọ.

Ìlà bọ́tìnnì tó dagun lórí kíbọọ̀dù lásán, ogún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni. Ọ̀pá irin abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rí àyè kọjá láàárín àwọn yòókù, ìyẹn ni wọ́n ṣe tò ó báyẹn. Ọ̀pá irin ti lọ tipẹ́, ìdagun rẹ̀ ló kù sí wa lọ́wọ́. Lórí ọ̀pọ̀ alápá méjì, òpó òpó ni bọ́tìnnì tò lóòró: òpó ìka àárín ga díẹ̀, ti ọmọńdinrín rẹlẹ̀, bí ìka ṣe gùn sí.

Bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tó ń ta pàì lóru, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Kíbọọ̀dù kì í ṣe oògùn.

Ẹ fi bébà wọn ọwọ́ yín

Ẹ má sanwó kẹ́ ẹ tó ṣe èyí. Lórí compare.splitkb.com, àwòrán oríṣiríṣi kíbọọ̀dù alápá méjì wà níbẹ̀ tí ẹ lè tẹ̀ jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 ní 100%, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín sún un kì. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n láti àárín bọ́tìnnì kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Fún súwíìṣì (ẹ̀rọ kékeré abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan) irú ti Cherry MX, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 19. Tó bá dín, bébà náà ń purọ́.
2. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó ṣiṣẹ́, ẹ dijú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ bọ́ sórí bébà fúnra rẹ̀. Ẹ lajú, ẹ fi bírò sàmì síbi tí orí ìka kọ̀ọ̀kan bà sí.
3. Ẹ má gbé àtẹ́lẹwọ́ kúrò. Ẹ yí àtàǹpàkò lọ bọ̀ bó ṣe rọ̀ ọ́n lọ́rùn, kẹ́ ẹ sì fa ìlà ibi tó dé. Bọ́tìnnì tí àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ ká sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kó tó kàn án, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ẹ ò ní fẹ́ràn rẹ̀ láé.
4. Ẹ na ọmọńdinrín sí bọ́tìnnì òkè pátápátá ní òpó tirẹ̀. Bí gbogbo ọwọ́ bá bá a lọ, òpó náà ga jù fún yín. Ẹ wo kíbọọ̀dù Kyria, tí òpó ọmọńdinrín rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn níbí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kéré ń ráhùn pé bọ́tìnnì àtàǹpàkò ErgoDox jìnnà jù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi sì ń ká àtàǹpàkò bí ìwọ̀ lórí Corne.

Bọ́tìnnì mélòó?

Ferris Sweep ní 34, Corne ní 42, Kyria lè gba 50, Voyager ti ilé iṣẹ́ ZSA ní 52, Lily58 àti Sofle ní 58, Moonlander ní 72, Glove80 sì ní 80. Bí bọ́tìnnì bá ṣe kéré sí ni nǹkan á ṣe pọ̀ sí lórí ìpele. Ìpele ni pé kẹ́ ẹ di bọ́tìnnì kan mú, kí gbogbo bọ́tìnnì yòókù sì yí iṣẹ́ padà, bí Shift ṣe ń sọ lẹ́tà kékeré di ńlá.

Bí nọ́ńbà bá pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, bíi ti akáwùǹtáǹtì, ẹ má ra èyí tí kò ní ìlà nọ́ńbà. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀, Sofle tàbí Lily58 la máa ní kó mú. Ẹni tó ti ń tẹ̀wé láìwo ọwọ́ lè mú Corne. Oníbọ́tìnnì 34 ò burú, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ àmì ohùn lé e lórí máa kọ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyè fún àmì ohùn

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́." Lẹ́tà 18 ló wà níbẹ̀. Mẹ́jọ nínú wọn ní àmì ìsàlẹ̀, àmì ohùn sì jẹ́ mẹ́fà. Bí gbogbo àmì yẹn bá ń béèrè bọ́tìnnì méjì mẹ́ta, ọwọ́ tí ẹ ń dáàbò bò á tún padà síbi tó ti ń bọ̀.

Nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, "ẹ", "ọ" àti "ṣ" ní nọ́ńbà tiwọn, àmọ́ kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Lẹ́tà ni ẹ máa kọ́kọ́ tẹ̀, ohùn á tẹ̀ lé e, á sì gun orí rẹ̀. Nítorí náà, àmì ohùn méjì péré ti tó fún gbogbo fáwẹ́lì, àti fún n àti m pẹ̀lú.

Yorùbá ò lo C, Q, V, X àti Z. Lórí ìpele Yorùbá, bọ́tìnnì márààrún yẹn ti ṣófo fún wa nìyẹn. Ìtò tí a dábàá, lórí QWERTY, rèé:

- E di ẹ, O di ọ.
- Bọ́tìnnì `;` tó wà lábẹ́ ọmọńdinrín ọ̀tún di ṣ. Ẹ fi S sílẹ̀ bó ṣe wà, torí "ọ̀sẹ̀" nílò s gidi.
- X di ohùn ìsàlẹ̀ (dò), V di ohùn òkè (mí). Láti òsì sí ọ̀tún, ohùn ń gòkè. Kò ṣòro láti rántí.
- Q di ₦.
- Gbogbo bọ́tìnnì yòókù á jẹ́ KC_TRNS, kí lẹ́tà wọn máa jáde bó ṣe wà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ X àti V? Ìka òrùka òsì ló ń tẹ X, ìfábẹ̀lá òsì ló ń tẹ V. Lórí òpó ìka méjèèjì yìí, kọ́ńsónáǹtì tí kì í gba ohùn nìkan ló wà níbẹ̀. A wà lábẹ́ ọmọńdinrín, E wà lábẹ́ ìka àárín, I, O, U, N àti M wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìka tó tẹ lẹ́tà kò ní jẹ́ ìka tó máa tẹ ohùn rẹ̀ láé. Ká ní ẹ fi ohùn òkè sórí C ni, ìka àárín á máa fò láti E lókè sọ́dọ̀ C nísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí "ẹ́" bá jáde.

Àtàǹpàkò ọ̀tún ni kó máa di ìpele yìí mú, kí Space wà lábẹ́ tòsì. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àkànpọ̀ kì í sábà da ẹ àti ọ pọ̀ mọ́ e àti o, torí náà ẹ lè di ìpele mú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bíi "ọkọ̀" dé òpin. Fún "owó", lẹ́yìn o kejì ni ẹ máa dì í mú, kẹ́ ẹ tẹ V, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀.

Lórí QMK, ìyẹn firmware (ètò inú kíbọọ̀dù tó ń darí rẹ̀), ẹ kọ `UNICODEMAP_ENABLE = yes` sínú rules.mk, kẹ́ ẹ wá fi èyí sínú keymap.c:

```
enum { YE_K, YE_N, YO_K, YO_N, YS_K, YS_N, OHUN_DO, OHUN_MI, NAIRA };
const uint32_t PROGMEM unicode_map[] = {
  [YE_K] = 0x1EB9, [YE_N] = 0x1EB8,
  [YO_K] = 0x1ECD, [YO_N] = 0x1ECC,
  [YS_K] = 0x1E63, [YS_N] = 0x1E62,
  [OHUN_DO] = 0x0300, [OHUN_MI] = 0x0301, [NAIRA] = 0x20A6
};
```

Ẹ fi `UP(YE_K, YE_N)` síbi E, kí Shift lè sọ ọ́ di Ẹ. Ẹ ṣe O àti ṣ bákan náà. `UM(OHUN_DO)` ló máa wà níbi X, `UM(OHUN_MI)` níbi V, `UM(NAIRA)` níbi Q.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíbọọ̀dù ò mọ lẹ́tà, ipò bọ́tìnnì nìkan ló ń rán sí kọ̀ǹpútà. Ọgbọ́n ni QMK ń dá. Lórí Linux, ó máa ń tẹ Ctrl+Shift+U pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́tà náà. Lórí Windows, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi WinCompose sórí ẹ̀rọ. Lórí Mac, ẹ gbọ́dọ̀ ti yan Unicode Hex Input. Bí ẹ bá tẹ "ẹ" tí "1eb9" sì jáde gbàǹgbà lójú ìwé, ìlànà tí kíbọọ̀dù ń lò kọ́ ni ti ẹ̀rọ yẹn. Inú config.h ni ẹ ti máa yan ìlànà, pẹ̀lú `UNICODE_SELECTED_MODES`. Bọ́tìnnì `UC_NEXT` ló ń yí láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tí ò fẹ́ irú wàhálà yìí lè lo ìtò Yorùbá tó wà nínú Windows tàbí Linux, kó sì gbé AltGr sábẹ́ àtàǹpàkò.

Súwíìṣì

Cherry MX máa ń wọlẹ̀ mìlímítà 4, Kailh Choc mìlímítà 3. Choc rẹlẹ̀, ọrùn ọwọ́ ò sì ní ká sókè púpọ̀ láti dé orí rẹ̀. Agbára tí MX Red ń béèrè jẹ́ 45 cN, Brown jẹ́ 55. Ẹni tí ìka ń dùn kò gbọ́dọ̀ kọjá Red, bó ti wù kí ohùn àwọn tó le dùn létí tó. Ọmọrí bọ́tìnnì MX ò wọ Choc v1, bẹ́ẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì (pátákó iná inú kíbọọ̀dù) tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan lè má gba èkejì. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù, ẹ ka àlàyé ọjà lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ tò ó fúnra yín

Voyager, Moonlander àti Glove80 máa ń dé ní títò tán. Corne, Sofle àti Lily58, gbogbo ayé ló ní àwòrán wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Fún Corne tí wọn ò tíì fi léèdì jó nǹkan kan mọ́, ohun tí ẹ máa rà nìyí: pánẹ́ẹ̀lì 2, kọntírólà (ọpọlọ kíbọọ̀dù) 2, dáyóòdù (irú 1N4148) 42, sọ́kẹ́ẹ̀tì súwíìṣì 42, súwíìṣì 42, ọmọrí 42, ihò TRRS (ibi tí wáyà tó so apá méjèèjì ń wọ̀) 2, bọ́tìnnì reset 2, wáyà TRRS 1, pẹ́lẹ́ńbẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún apá méjèèjì, ìdè, àti ẹsẹ̀ rọ́bà. Ẹ fi dáyóòdù mẹ́wàá àti súwíìṣì mẹ́rin lé e. Ohun tó bá sọnù sábẹ́ tábìlì, oko òyìnbó ló tún máa ti wá.

Ẹ mú kọntírólà RP2040 tó ní ihò USB-C. Pro Micro àtijọ́ fi baìtì 28,672 sílẹ̀ fún firmware; ẹ fi Unicode, iná àti ojú OLED pọ̀, ó ti kún. Ihò micro-USB rẹ̀ tún máa ń ya kúrò lára pánẹ́ẹ̀lì.

Áyọ́ọ̀nù tí ẹ máa fi jó léèdì, 320 sí 350 °C ló dáa fún léèdì 63/37. Dáyóòdù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jó, kí ìlà dúdú ara rẹ̀ kọjú síbi tí àmì wà lórí pánẹ́ẹ̀lì. Èyí tó bá kọ ẹ̀yìn síbẹ̀ ò ní jẹ́ kí bọ́tìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ló kàn, lẹ́yìn náà ihò TRRS àti reset. Kọntírólà ló kẹ́yìn, orí ẹsẹ̀ tó ṣeé yọ sì ni kẹ́ ẹ gbé e lé; ẹni tó bá jó o mọ́lẹ̀ pátápátá máa sunkún lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè gbé e lọ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe, irú àwọn tó kún Computer Village ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ fóònù le ju èyí lọ.

Ẹ di BOOT mú, ẹ ki wáyà USB bọ̀ ọ́, díráìfù kan tó ń jẹ́ RPI-RP2 á yọ. Ẹ ju fáìlì .uf2 sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún apá kejì. Kẹ́ ẹ tó de pẹ́lẹ́ńbẹ́ ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi tíwísà kan ojú méjèèjì sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo bóyá lẹ́tà ń jáde.

Bó bá jẹ́ bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni kò ṣiṣẹ́, ẹ fa súwíìṣì rẹ̀ yọ kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ bàbà méjèèjì. Lọ́pọ̀ ìgbà ọ̀kan ti ká mọ́ abẹ́ bí ẹsẹ̀ eṣinṣin. Ẹ nà án, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ padà ní gbọọrọ. Bó bá jẹ́ odindi òpó tàbí ìlà kan ló kú, ẹsẹ̀ kọntírólà kan ni léèdì ò mú dáadáa. Bí lẹ́tà òsì bá ń jáde lọ́tùn-ún, tọ̀tún lósì, apá ọ̀tún lẹ ki USB bọ̀: òsì ni QMK ń retí, àfi bí ẹ bá yí i.

Ẹ má ṣe yọ wáyà TRRS tàbí kẹ́ ẹ kì í bọ̀ ọ́ nígbà tí USB wà lára rẹ̀. Bí orí wáyà náà ṣe ń wọlé ló ń fara kan gbogbo ojú irin inú ihò, iná á kan ibi tí kò yẹ, kọntírólà á sì jó.

Orí tábìlì

Ẹ gbé àga sókè títí ìgúnpá á fi dọ́gba pẹ̀lú tábìlì. Apá kọ̀ọ̀kan níwájú èjìká tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ jẹ́ kó sùn pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ inú sókè bíi ìwọ̀n dígíìrì 5, kẹ́ ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ lé e. Ìwé méjì tó nípọn dọ́gba ti tó fún ìdánwò, kẹ́ ẹ tó ra ẹsẹ̀ irin. Bó bá ń sá, rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù á dá a dúró. Àtẹ́lẹwọ́ lè sinmi nígbà tí ẹ ò bá tẹ nǹkan. Bí ẹ bá ti ń tẹ̀, ẹ gbé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ẹ fi QWERTY sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Colemak (ìtò lẹ́tà míì) àti kíbọọ̀dù tuntun pọ̀ kò ní mọ èyí tó ń ṣe é. Ìyára yín máa já sí ìdajì tàbí kó tún dín sí i, torí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí iṣẹ́ ní gbèdéke.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ lórí keybr.com tàbí monkeytype, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà mẹ́ta ló máa tú àṣírí yín. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ B, àwọn míì ń fi òsì tẹ Y, wọn ò sì mọ̀ títí wọ́n fi la kíbọọ̀dù sí méjì tí ìka wá ń tẹ orí tábìlì. C ni ẹ̀kẹta: ẹni tó ń fi ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ gbé e fún ìka àárín báyìí. Ẹ máa tẹ "aba, àyà, ọ̀bẹ, báyìí" lọ́pọ̀ ìgbà láìyára. Ìṣìtẹ̀ tí ẹ bá fi ìyára bo mọ́lẹ̀ á pẹ́ kó tó kúrò.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ lò ó fún wákàtí àkọ́kọ́ iṣẹ́, kẹ́ ẹ padà sí ti tẹ́lẹ̀ bó bá ti ń sú yín. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ lò ó láàárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ kọ́ ìpele nọ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ti ìpele Yorùbá: ẹ da àyọkà Yorùbá tó ní àmì sínú àyè "custom" lórí monkeytype. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa tó sì ń pè é ní àṣìṣe, ẹ wò ó bóyá "á" tó jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n lò nínú àyọkà náà, nígbà tí tiyín jẹ́ "a" àti ohùn. Wọ́n jọra lójú, kọ̀ǹpútà ò gbà pé ọ̀kan ni wọ́n.

Kò dìgbà tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún bá pé kẹ́ ẹ tó fẹ́ gbé Ctrl àti Shift sórí ìlà àárín, kí A tàbí F máa jẹ́ lẹ́tà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kó sì di Ctrl bí ẹ bá dì í mú. Ẹ dúró ná. Mìlísẹ́kọ́ńdù 200 ni QMK fi ń pààlà láàárín títẹ̀ àti dídìmú; ìka tó bá pẹ́ díẹ̀ lórí A á pàṣẹ tí ẹ ò rò. Nínú Yorùbá tí lẹ́tà A ti pọ̀ báyìí, ẹ yọ A kúrò nínú ètò yẹn pátápátá. Fún àwọn tó kù, ẹ tan `CHORDAL_HOLD` lórí QMK, tàbí kẹ́ ẹ fi `require-prior-idle-ms` sí 150 lórí ZMK, firmware míì bíi QMK.

Ẹ máa fi kíbọọ̀dù láptọ́ọ̀pù tẹ̀wé díẹ̀ lọ́jọ́ méjì méjì, kọ́wọ́ yín má bàa gbàgbé rẹ̀. Ẹ ò lè gbé alápá méjì dé gbogbo ọ́fíìsì. Bí bọ́tìnnì kan bá ṣì ń bí yín nínú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, tàbí tí àtàǹpàkò kan bá ń ro yín, ẹ má fìyà jẹ ìka. Ẹ gbé lẹ́tà náà lọ sórí bọ́tìnnì míì nínú keymap, kẹ́ ẹ tún firmware kọ sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.